Ẹ̀yìn Mi Kò Ní Lé Mi Kúrò ní Accra

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kaneshie ló pè mí padà. "Hajia," ó ní, "bàtà rẹ." Mo rò pé ó ń yin bàtà mi ni. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ń bá tèmi lọ. Ó sáré tẹ̀ lé mi, ó nawọ́ sí ilẹ̀. Nígbà tí mo wolẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi wà níhòòhò lórí ọ̀dà títì. Sálúbàtà mi wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nídìí àtẹ̀gùn afárá, àwọn èèyàn ń fò ó kọjá. Mo ti rìn jìnnà láìmọ̀ pé ó ti bọ́.

Kì í ṣe bàtà tó bọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ọ̀dà yẹn ni. Oòrùn ti ń pa á látàárọ̀, ó gbóná débi pé kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ kó má fò sókè. Èmi dúró lé e lórí bí ẹni tó dúró lórí ẹní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo wọ bàtà mi, mo gba ìsọ̀ mi lọ. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìnìṣà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n inú ìyá mi ni mo wà nígbà tó fi Accra sílẹ̀. Àwọn òbí mi wà lára àwọn tí ìjọba Gánà lé nígbà tí wọ́n ní kí àjèjì tí kò bá níwèé máa lọ sí ilẹ̀ wọn. Bàbá mi ti ní ìsọ̀ níbẹ̀, ó ti bímọ síbẹ̀, ó ti gbàgbé pé àlejò lòun. Ẹrù tí orí rẹ̀ lè gbé ló gbé, ó fi ìyókù sílẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Sàká, ti ń di géńdé nígbà náà, ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó búra pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ náà mọ́ títí ayé.

Ìtàn Accra ni èmi fi dàgbà. Bí inú bá bí bàbá mi ní Ìnìṣà, Twi, èdè tí wọ́n ń sọ ní Gánà, ló fi ń bú ewúrẹ́. Nígbà tí ọkọ mi, tó jẹ́ àlùfáà, wá ní òun ti rí ibi tí òun yóò ti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì ní Accra, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi ń di ẹrù. Bọ̀ọ̀dá Sàká bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bá mi lójijì nígbà tí mo dé ni pé mo di odi. Èmi tí ẹnu mi mú ní Ìnìṣà, tí kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ lọ́jà, n ò lè ná tòmátì. Ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń pè mí ní Alata, àwọn kan ń pè mí ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, n ò mọ̀ bóyá èébú ni àbí ìkíni. Kẹ́ńkì tí mo kọ́kọ́ rà, oúnjẹ àgbàdo wọn, ó kan lẹ́nu mi, mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo dà á nù. Lónìí, bí n ò bá rí kẹ́ńkì àti ata rẹ̀ jẹ, inú mi kì í dùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe ń wọ ara ènìyàn, láti ẹnu.

Ọjà wósìwósì ni mo ń tà: àgádágodo, ìṣó, tọ́ọ̀ṣì, abẹ́rẹ́. Ẹ má fojú kékeré wo àgádágodo. Ẹ kó o kún páálí, kí ẹ gbé e rù, ọrùn yín á sọ fún yín pé irin ni. Èmi ni mo ń rù ú láti ibùdókọ̀ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọjà Kaneshie. Àwọn ọmọbìnrin alárùú tó wá láti òkè Gánà á máa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn bá mi rù ú. Mo kọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ọjà mọ̀ pé Alata yìí lágbára. Wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí Bọ̀ọ̀dá ní kí n kó ọmọ mi kan ṣoṣo, Nímọ́tà, kí n máa bọ̀ nílé, páálí yẹn kan náà ni mo gbé rù lọ sọ́jà lẹ́yìn tí mo jáde opó. Òun ni ìdáhùn mi.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo rí i pé bí mo bá fi ọṣẹ kun ojú nílé ìwẹ̀, tí mo dijú, ilẹ̀ á máa sá lábẹ́ mi. Bí mo bá lajú, á dúró. Bí mo bá rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, itan mi méjèèjì á wúwo bí àpò iyọ̀ tí òjò pa, ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, tí mo fọwọ́ ti nǹkan, wọ́n á fúyẹ́. Mo wá ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ní mọ́sáláṣí, mo ṣì lè foríkanlẹ̀, ṣùgbọ́n àtidìde di iṣẹ́. Mo máa ń wá ẹ̀gbẹ́ ògiri dúró sí, kí n lè fi ọwọ́ wá a nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo fẹ́ wọ trotro, ọkọ̀ èrò tí gbogbo wa ń wọ̀ níbí. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ẹsẹ̀ òsì kò tẹ̀ lé e. Mo fì sẹ́yìn, mo fì síwájú, mo di ẹ̀wù ọkùnrin kan mú. Méètì, ìyẹn ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wò mí láti òkè délẹ̀. "Waboro," ó ní. Ó ní mo ti mutí yó. Èmi tí mo wé ìborí, tí ọtí kò kan ètè mi rí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ká ní ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ǹ bá sunkún. Ṣùgbọ́n mo ti ní Twi lẹ́nu. Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, mo ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe ọtí. Ọkọ̀ yìí kò ní gbéra títí n ó fi jókòó. Bí ó bá sì gbéra, orí itan rẹ ni n ó jókòó lé."

Obìnrin kan níwájú ní, "Hajia, jókòó lé e. Á kọ́ ọgbọ́n."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, méètì náà bá wọn rín. Ó ní "Kafra," bí wọ́n ṣe ń tọrọ gáfárà níbí, ó mú mi lápá, ó fi mí jókòó. Mo ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n mo di irin àga iwájú mi mú títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni Bọ̀ọ̀dá Sàká máa ń pè mí láti Ìnìṣà. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni a ti parí ìjà. Ó fẹ́ kí òun máa rí mi lójú fóònù. Mo sì ti mọ bí n ó ṣe gbé fóònù tí kò fi ní rí ju ojú mi lọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Dìde, àbúrò mi. Rìn díẹ̀ kí n rí ọ."

"Kí lẹ fẹ́ wò lára ìrìn mi, Bọ̀ọ̀dá?"

"Nímọ́tà ti sọ fún mi. Wọ́n ta ọ́ lọ́fà níbẹ̀ yẹn ni."

"Ta ló ta á?"

"Ṣé o mọ gbogbo ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Ẹni tó bá fẹ́ pa mí, Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹsẹ̀ ni yóò máa ta? Kò rí àyà ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti tún yàrá kan ṣe fún mi, èyí tó kọjú sí àgbàlá, kí n má baà máa gun àtẹ̀gùn kankan. Mo ní mo ti gbọ́. Mo pa fóònù. Mo jókòó síbẹ̀, inú ń bí mi sí Nímọ́tà, inú ń bí mi sí ẹsẹ̀ mi, mo sì ń ṣàárò ilé débi pé mo ń gbóòórùn eruku rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn fẹ́ rí ilé, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣubú. Orí àtẹ̀gùn ọjà ni, pẹ̀lú páálí lórí. Ẹsẹ̀ òsì kàn ṣáà yẹ̀ lábẹ́ mi ni, láìsọ tẹ́lẹ̀. Àgádágodo ń fò lórí àtẹ̀gùn bí ọ̀pọ̀lọ́, àwọn èèyàn ń sá fún wọn. Maame Esi, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi, sọ̀kalẹ̀ wá, ó jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn. Ó fi gèlè rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ìgbúnwọ́ mi, ó ní, "Lónìí, wàá lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀." Òun àti Nímọ́tà ló gbé mi lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán eegun mi, dókítà gbé e sí iwájú iná, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, ohun rírọ̀ kan wà tó dà bí fóòmù. Tèmi nísàlẹ̀, nítòsí ìbàdí, ti gbẹ, ó ti pẹlẹbẹ, eegun sì ti hù kún ọ̀nà tí àwọn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ń gbà.

"Màmá, ẹsẹ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ilẹ̀ wà," ó ní. "Tiyín, ọ̀rọ̀ yẹn ń há sọ́nà. Ojú yín ló ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ẹ bá dijú."

Mo bi í bóyá fóòmù náà tún lè rọ̀.

"Rárá. Ṣùgbọ́n ẹran ara tó yí i ká lè le ju báyìí lọ, á bá a gbé ẹrù. Ẹ má ru nǹkan kan sórí mọ́. Bí abẹ́ yín bá sì kú tipiri lọ́jọ́ kan, tàbí ìtọ̀ ń bọ́ láìfẹ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wá."

Mo ti rò pé n ó sunkún. Kàkà bẹ́ẹ̀, ara tù mí. Kì í ṣe ọfà. Kì í ṣe ọtí. Eegun ni, eegun tèmi, mo sì mọ iṣẹ́ tí mo fi lò ó gbó.

Ó fi mí ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ara ní ìrìn, níbi tí obìnrin ẹ̀yà Gá kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Naa ti ń dúró dè mí. Ó ní kí n dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í. Mo gbìyànjú, mo padà jókòó pì.

"Tún un ṣe," ó ní.

"Kò ṣeé ṣe."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó ṣeé ṣe."

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa fi ẹsẹ̀ kan dúró nídìí tábìlì ìdáná, ìka méjì péré lára tábìlì. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe yí sí ẹ̀gbẹ́ kí n tó dìde lórí ibùsùn, bí n ó ṣe máa rìn kí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ní ọjọ́ tí mo bi í bóyá kí n fi ìsọ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, ó kàn wò mí. "Àtẹ̀gùn kọ́ ni ọ̀tá rẹ," ó ní. "Àga ni. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí báyìí, tó bá jókòó pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbàgbé iṣẹ́. Di irin mú, kí o máa gòkè."

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí mo mọ ohun tó ń dúró dè mí ní Ìnìṣà. Àga ni. Àga tó dára, lábẹ́ òrùlé tó tutù, wọ́n á tẹ́ aṣọ sí i fún mi. Àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á máa bu omi fún mi, wọ́n á máa pè mí ní Ìyá Accra, wọn ò ní jẹ́ kí n gbé ṣíbí. Ìfẹ́ ni, n kò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi ìfẹ́ yẹn dè mí mọ́lẹ̀ títí n ò fi ní lè dìde mọ́. Nínú Accra yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Ibí, bí o bá fẹ́ omi, wàá dìde. Mo wá rí i pé ohun tí mo ti ń pè ní ìdánìkanwà láti ọjọ́ yìí, òun ló ń gbé mi nílẹ̀.

Nímọ́tà ra ọ̀pá ìtilẹ̀ fún mi. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kọ́ aṣọ sórí rẹ̀. Mo ní kí n tó di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á gbọ́. Ó wà níbẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀. Gọ́tà tó wà níwájú ilé wa kò ní ìdérí, pákó kan ni a fi ń kọjá, pákó náà sì ti tutù, ó ń yọ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí ewúrẹ́. Àwọn ará ilé ń kọjá, wọ́n ń kí mi. Bí mo bá yí padà, mo mọ̀ pé n ò ní jáde lọ́jọ́ náà, àti pé ọ̀la á tún rọrùn láti má jáde. Mo wọlé, mo ká aṣọ kúrò lórí ọ̀pá, mo gbé e. Mo kọjá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo gba ọjà lọ.

Ọ̀pá náà ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Sàká dé.

Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn láti lọ sọ́jà, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò kan, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, àgbàlagbà tó ti búra pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ yìí mọ́. Ó wo ọ̀pá. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Àbúrò mi. Ibi tó dé rèé?"

"Ẹ má wò ó báyẹn, Bọ̀ọ̀dá. Igi ni."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó nawọ́, ó ní, "Má kúnlẹ̀. Mo ti gbà á." Mo kúnlẹ̀. Mo kí i bí a ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n ẹni, mo bi í léèrè ìrìn àjò, mo bi í léèrè gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo fi ọ̀pá tilẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí Àǹtí Naa ṣe kọ́ mi, mo dìde. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, ó fẹ́ gbá mi mú, ṣùgbọ́n n kò wò ó.

N ò lọ sọ́jà mọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó sọ ohun tó torí rẹ̀ wá. "Wọ́n lé wa kúrò níbí," ó ní. "Ìwọ kò tíì dáyé. Èmi ni mo rí bàbá wa tó ń sunkún ní ibùdókọ̀. Bí ara rẹ bá le, n ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí o máa ṣàìsàn ní ilẹ̀ tí wọn ò ti fẹ́ wa? Di ẹrù rẹ."

"Wọ́n lé Bàbá, òótọ́ ni. Ìjọba lè lé èmi náà lọ́la, n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ara mi kò ní lé mi, Bọ̀ọ̀dá. N ò ní gbà fún un."

"Agídí ni."

"Ẹ pè é bẹ́ẹ̀."

Nímọ́tà ń kó abọ́. Accra ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Twi àti Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá," ó ní, ní Yorùbá, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Mo bẹ̀ ọ́. Má mú Màmá mi lọ. Gbogbo àárọ̀ ó ń dúró lẹ́sẹ̀ kan ní kíṣìnì. Ó ń làágùn. Mo ń rí i. Ìwọ ò rí i."

Ó ń pe bọ̀ọ̀dá ìyá rẹ̀ ní "ìwọ", ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá ti já lu ọ̀rọ̀ náà. N ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá náà kò sì bá a wí. Ó wo ọmọ náà pẹ́ títí.

Lọ́jọ́ kejì ó ní òun á bá mi dé ọjà. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo ń gòkè. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ó ti dúró láàárín, ó ń mí. Mo dúró dè é. Lókè, Maame Esi kí i ní Twi, ó bi í bí ara ṣe rí. Kí n tó lè túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi dáhùn: "Me ho yɛ." Ara òun le. Ohùn ọmọdé ló fi sọ ọ́. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé wọn, èdè náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Maame Esi bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ Twi. Ó nàka sí ìsàlẹ̀, sí ojú títì. "Níbí," ó ní.

Ó jókòó sínú ìsọ̀ mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ó rí bí mo ṣe ń dìde fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń fi ọ̀pá yọ tọ́ọ̀ṣì tó wà lókè, bí àwọn alárùú tí mo máa ń lé nígbà kan ṣe ń gbé páálí mi wá báyìí, tí wọ́n ń bá mi ṣàwàdà. Kò sọ pé mo jàre. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún dárúkọ yàrá mọ́.

Ní ọjọ́ tó ń lọ, mo sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ Nàìjíríà ti ń gbéra. Èrò pọ̀, wọ́n ń tì síhìn-ín, wọ́n ń tì sọ́hùn-ún. Mo gbé ẹsẹ̀ mi síra wọn dáadáa, mo fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó di àpò rẹ̀ mú, kò fẹ́ wọlé.

"Gbogbo ilé ló ń retí rẹ," ó ní. "Mo ti sọ fún wọn pé mo ń mú ọ bọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ ní mo dúró."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ọ̀pá, ó wá wo ojú mi.

"Ó dúró," ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gba iṣẹ́ tí yóò jẹ́. Ó wọ ọkọ̀.